Àpíà, Orúkọ Tí Mo Fi Ń Pe Ọkọ Mi

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé n kì í gbàgbé orúkọ. Ẹni tó bá ra gààrí lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, màá pe orúkọ rẹ̀ kó tó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn tí a jọ kàwé ní ilé ìwé ìjọ, títí dé ìwé kẹrin tí mo ti fi í sílẹ̀, mo ṣì lè pè wọ́n láti ìjókòó iwájú dé ìjókòó ẹ̀yìn, àti àwọn tó ti kú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí orúkọ ẹnì kankan nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ìyàwó ilé ni mí. Nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé ọkọ mi ní Iyere, gbogbo ọmọ tí mo bá nínú ilé náà, títí kan èyí tó ṣì ń rákò, ọkọ mi ni wọ́n, n kò sì gbọ́dọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Mo fún kálukú ní orúkọ tèmi. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń tàn ká ojúlé, ni mo ń pè ní Eyínfúnjowó. Ọkọ mi fúnra rẹ̀, Bàbá Wọn ni mo ń pè é nítorí àwọn ọmọ wa, òun náà a sì pè mí ní Ìyá Wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi, ṣùgbọ́n kò gba ẹnu mi jáde rí, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tó bá ọjọ́ náà wọ ilé wa, tí kò sì jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ni àpíà.

Ọdún tí àwọn ológun ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá ni. Òjò ti pọ̀ lápọ̀jù, kòkó sì ń dúdú lórí igi kó tó pọ́n. Ọkọ mi ní òun kò lè jókòó máa wo ohun tó ń jẹrà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ dàgbà, tí ojú títì nìkan ló la ilé wọn àti ilé wa láàárín, bá àwọn agégẹdú wọ igbó lọ ní ìpínlẹ̀ Bendel, lọ́nà Bìní. Ó ní kí n máa ṣọ́ oko, pàápàá ibi tí àwa àti aládùúgbò oko wa ti pààlà, nítorí ọkùnrin náà ní a ṣí pèrègún nípò, ó sì ti pe ọkọ mi lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Bàbá Wọn ní kí ọjọ́ ẹjọ́ náà tó pé òun á ti dé.

Ẹni tó dé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Mo wà lẹ́yìnkùlé, mo ń yan gààrí, nígbà tí mo rí i tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá lọ sọ́dọ̀ Àgbà Ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, kò kí mi. Ẹni tí kì í rí mi kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó pè mí. Ìdí iná yẹn náà ni mo ṣì jókòó sí, ọwọ́ mi ń ro gààrí náà lọ, ó ń rò ó lọ, títí tó fi jó mọ́ ìdí ìkòkò.

Áńkáṣíìfù funfun kan ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tú sórí ẹní níwájú Àgbà Ilé. Irun ni, àti èékánná. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n mọ́. Bí ẹni wa bá kú sí ọ̀nà jíjìn, tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gé wá, ká lè sin ín sí ilé bàbá rẹ̀, kó má baà sùn sí ilẹ̀ onílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní igi gẹdú ló wó lù wọ́n. Ó ní ẹni tó ń wẹ egbò fún wọn ní àgọ́ fá orí ọkọ mi kó lè rí ojú ọgbẹ́ náà, ibẹ̀ ló sì ti dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣa irun náà nílẹ̀, òun ló gé èékánná ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà sì ti tutù. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ kọjá ló wọ̀, kí ìròyìn láti ẹnu ẹlòmíràn má baà ṣáájú rẹ̀ délé.

Mo fọwọ́ kan irun náà. Ewú díẹ̀ kan wà tó máa ń yọ sí ẹ̀bá etí òsì rẹ̀, èmi ni mo máa ń fà á tu. Mo rí i nínú rẹ̀. Mi ò tún bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.

A sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ kò ju ibi tí à ń ri ibi ọmọ mọ́ lọ. Ọkùnrin gíga bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí a kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wọlẹ̀ sí; wọ́n ti mú màmá lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan ní Uso. Èmi wọ aṣọ dúdú, mo jókòó opó. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ sí mi létí pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni yóò ṣú mi lópó bí mo bá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tán. Ọmọkùnrin náà kò lè wo ojú mi mọ́ láti ìgbà náà. Bí mo bá gba iwájú, á gba ẹ̀yìn.

Ọjọ́ ẹjọ́ wá pé. Àgbà Ilé ní kí a lọ sọ fún wọn ní kóòtù pé ẹni tí wọ́n ń pè kò sí mọ́. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Nígbà tó kàn wá, mẹ́séńjà kóòtù kan tó wọ kákí jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí ìta, ó sì fi ohùn rara pe orúkọ ọkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kó wá ṣe àpíà. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, kò sí ẹni tó pe orúkọ náà létí mi. Ọkùnrin yìí wá ń pè é sójú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé ẹni náà wà ní ìdí igi lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń mu omi lọ́wọ́. Mo bá ara mi tí mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn ló ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó yọ.

Adájọ́ ní kí n bọ́ sí iwájú. Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo búra pé ọkọ mi ti kú, pé a ti sin ín. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú kí ìdílé lè mú ẹlòmíràn wá dípò rẹ̀. A padà sílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́séńjà náà kò jáde létí mi.

Katikíìsì ìjọ wa nígbà náà jẹ́ àgbàlagbà kan tó máa ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé ní ọjọ́rọ̀. Ó ti bá àwọn Fádà ṣiṣẹ́ pẹ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí o bi í tí kò ní bá ọ lọ sí ìdí rẹ̀. Mo bi í pé kí ni àpíà. Ó ní kí n jókòó. Ó ní kì í ṣe àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló dá a, ọwọ́ àwọn Faransé ni wọ́n ti gbà á, àwọn Faransé náà sì gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́, àwọn tó ni èdè Látìnì tí Fádà fi ń ṣe Máàsì nígbà tí a wà ní kékeré, tí a ń dáhùn láì mọ ohun tí à ń dáhùn. Ó ní bí a bá tú u, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí nǹkan wá hàn sí ọ. Bí òṣùpá bá yọ lẹ́yìn ìkúùkù, òyìnbó á ní ó ṣe àpíà. Bí áńgẹ́lì bá fara han ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí kóòtù bá pè ọ́, wọn kò fẹ́ kí o ránṣẹ́, wọn kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ wá rojọ́ fún ọ. Ara rẹ gan-an ni wọ́n fẹ́ kí ojú wọn rí. Ó tún ní nígbà mìíràn òyìnbó máa ń lò ó bí kò bá dá a lójú, bí ìgbà tí àwa bá ní, ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè búra.

Mo bi í bóyá ẹni tó ti kú lè ṣe é.

“Ọ̀rọ̀ náà kò bèèrè bóyá ẹni náà wà láàyè, ọmọ mi,” ó ní. “Ojú tó rí i nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wà nínú mi bẹ́ẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀sán gangan ni. Mo ń fi asẹ́ ku gààrí níwájú ilé, Eyínfúnjowó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ariwo kan dìde ní oríta ibi tí ọkọ̀ máa ń dúró sí, ó sì dákẹ́ lójijì, ìdákẹ́jẹ́ náà ló jẹ́ kí n gbójú sókè. Àwọn ènìyàn ń sáré bọ̀ lójú títì, kò sì sí ẹni tó ń pariwo nínú wọn. Obìnrin kan sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ìyá alákàrà tó wà ní oríta nìkan ni kò sá. Ó ní ìyá náà kàn fi ìdérí bo àkàrà rẹ̀ ni, ó sì gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí òkú bá òun ná ọjà.

Lẹ́yìn gbogbo wọn, mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀. Ó rù, aṣọ rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó ń tiro díẹ̀. Ó fá orí, irun sì ti ń hu padà káàkiri rẹ̀, àfi ojú àpá kan láti iwájú dé àtàrí tí nǹkan kan kò hù sí. Asẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Eyínfúnjowó wo ojú mi láti mọ̀ bóyá ohun tí òun rí ni mo rí, nígbà tó sì rí ojú mi, ó fi ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ o. Ó sì tì í mọ́ èmi náà síta.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń pè ní àkúdàáyà. Ẹni tó kú nílùú rẹ̀, tí wọ́n sin, tí wọ́n tún wá ń rí i ní ìlú mìíràn, tó ń ṣòwò, tó ń bímọ pàápàá, títí ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà ló ń pòórá. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ láti kékeré, ní Ọ̀wọ̀ àti ní Afo àti níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ìlú mìíràn ni wọ́n máa ń lọ nínú ìtàn. A kò gbọ́ èyí tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní oríta ilé rẹ̀ rí.

Ó dúró lódìkejì títì. Ó ti rí i pé ènìyàn ń sá fún òun, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta tó wà níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ká ìkejì, bó ṣe máa ń jókòó láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó wo aṣọ dúdú ọrùn mi, ó wò ó títí. Ó wá ní, ohùn rẹ̀ kò sì le, “Ìyá Wọn, ta ló kú?”

Báwo ni ènìyàn ṣe ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ó ní kí n fún òun lómi. Mo dìde, ṣùgbọ́n Àgbà Ilé ti jáde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ dá mi dúró. Àwọn ọkùnrin ilé ti dé láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n dúró ti Àgbà Ilé. Ẹnì kan ní kí wọ́n lé ẹni tó wà lórí òkúta náà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òmíràn ní bí wọ́n bá lé e, tó bá wá jẹ́ pé ènìyàn ni ńkọ́? Ẹni àkọ́kọ́ ní ènìyàn tó ti ní ibojì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, òun sì ń wo ẹnu wọn láti orí ẹnì kan sí orí ẹnì kejì. Oòrùn ń pa á. Eṣinṣin ń bà lé ojú àpá náà, ó ń fi ọwọ́ lé e. Mo ń wo eṣinṣin náà. Mo ń bi ara mi pé, ṣé eṣinṣin máa ń bà lé wọn?

Àgbà Ilé jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní ohun kan ṣoṣo ni òun gbọ́ lẹ́nu bàbá òun. Òkú tó bá ń rìn kì í dúró de ẹni tó bá pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó pè é nígbà náà. Ó mi orí. Ó ní ẹnu tòun ti pè é láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo ẹnu tó wà nílé yìí ló ti pè é títí, orúkọ náà ti mọ́ ọn lára lẹ́nu wọn, ó lè fara dà á. Ó yíjú sí mi.

“Ìyàwó, ẹnu tí kò pè é rí la fẹ́. Ìwọ ló kù.”

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò jẹ́ ìyàwó irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n bọ́ aṣọ lójú ọjà, kò ní le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé mo ti sin ín lẹ́ẹ̀kan, mo ti búra lórí rẹ̀, mo ti sunkún rẹ̀ tán débi tí mo tún ti ń lè jẹun. Ó wá jókòó síwájú mi nísinsìnyí, ó ní kí n fún òun lómi. Bí mo bá pè é, tí òkúta náà sì ṣófo, ẹnu mi ló lé e lọ. Bí n kò bá pè é, àwọn ni yóò lé e. Mo rò ó lọ́kàn mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí, pé bó bá jẹ́ àkúdàáyà, kí wọ́n jẹ́ kó wọlé bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ obìnrin tó ń fẹ́ ọkọ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo lọ dúró létí títì. Wọ́n ní kí n má ṣẹ́jú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo tún un ṣe. Mo pè é.

Gbogbo rẹ̀ ni mo pè, orúkọ náà àti ti bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí mẹ́séńjà kóòtù ṣe pè é. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀. Mo rò pé ohùn mi já wọn láyà ju òkú náà lọ. N kò ṣẹ́jú. Omi ń bọ́ lójú mi nítorí oòrùn, n kò sì ṣẹ́jú.

Ó wà lórí òkúta. Ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo ti ọ̀run dé. Ojú rẹ̀ wá yí padà, ó le, bó ṣe máa ń le bí wọ́n bá fi í sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ó ní, “Ìyá Wọn, kí ni mo ṣe ọ́ tí o fi ń pe orúkọ mọ́ mi lórí níta gbangba? Nítorí pé mo pẹ́ lóko?”

Àgbà Ilé sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀.

“Inú òkú kì í bí sí ìyàwó,” ó ní. “Ẹ gbé omi fún un.”

Èmi ni mo gbé e. Ìdajì rẹ̀ dà sí i láyà. Ó mu ú, ó ní kí n bu òmíràn wá, ó sì ní òun kò tíì dárí jì mí. Nígbà náà ni Eyínfúnjowó ṣílẹ̀kùn. Ó wá, ó fi ìka kan ṣoṣo kan èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá iṣu ti jinná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó fi gbogbo ọwọ́ kàn án, òun kò gbóná. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ẹkún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó yẹ kó ṣú mi lópó, dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé tí ẹ dé. Ẹ gba ìyàwó yín.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dé kẹ́yìn. Oko ló ti gbọ́. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ojú rẹ̀ ti funfun. Àwọn ènìyàn ti ń bi í bóyá irun ewúrẹ́ ló kó fún wa. Ó sún mọ́ ọkọ mi díẹ̀díẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó wo ojú àpá náà, ó sì jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí egungun rẹ̀ yọ́. “Tìrẹ ni,” ó ní. “Ọwọ́ rẹ ti tutù. Mo di ọwọ́ rẹ mú, ó ti tutù.” Ọkọ mi kò tíì mọ̀ nípa irun kankan. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀. Ó ní irun òun ni lóòótọ́, ẹ ti sin ín, ó dáa, òmíràn ti ń hù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọ ọkọ̀, ọkọ mi tún mí. Wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ gẹdú lọ sí ilé ìwòsàn ní Bìní. Ó pẹ́ níbẹ̀ tí kò mọ ara rẹ̀, ó sì tún pẹ́ tó mọ ara rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kò wá sí i lẹ́nu. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó bẹ dírẹ́fà kan kó sọ fún wa pé òun ń bọ̀. Ìyá alákàrà wá rántí. Dírẹ́fà kan ti dúró lóòótọ́, ó ní ọkùnrin kan ránṣẹ́ sílé láti Bìní, ó dárúkọ rẹ̀. Ìyá náà dá a lóhùn pé ẹni tó ń sọ yẹn ti wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀. Dírẹ́fà náà kò bèèrè ìbéèrè mìíràn. Ìyá alákàrà ní bó ṣe ṣáná sí ọkọ̀ nìyẹn, kò tilẹ̀ dúró gba àkàrà tó ti sanwó rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Katikíìsì wá. Ó wo ọkọ mi tó ń jẹ iyán, ó wò ó pẹ́. Ó wá wò mí, ó ní, “Ó ti ṣe àpíà.” Ó rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Wọn kò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́. Orúkọ opó ni. Mo ti fi sunkún jù. Èyí tí wọ́n sọ ọ́, mo ti lò ó, n kò gbọ́dọ̀ tún lò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àpíà. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní orúkọ ajá òyìnbó ni. Nígbà tó yá ó ń jẹ́ ẹ. Ìlú gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń lò ó bó ṣe wù wọ́n. Bí iná mànàmáná bá dé lẹ́yìn tó ti lọ pẹ́, ẹ ó gbọ́ tí àwọn ọmọ á ké pé ó ti ṣàpíà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ó ṣàpíà. Nígbà tí ìdìbò kejì ń bọ̀, tí àwọn tí a kò rí fún ọdún mẹ́rin tún ń wá kí wa pẹ̀lú mọ́tò, ìyá alákàrà a ní, ẹ wò wọ́n, wọ́n ti ń ṣàpíà, a sì fi ìdérí bo àkàrà rẹ̀.

A lọ sí kóòtù náà. Mẹ́séńjà pe orúkọ rẹ̀ níta, ọkọ mi sì dáhùn nínú ilé pé òun nìyí. Adájọ́ gbójú sókè. Ó bi mí bóyá èmi kọ́ ni mo búra níbí pé ọkùnrin yìí ti kú. Mo ní èmi ni, mo búra sí ohun tí mo rí, ohun tí mo rí ló yí padà. Aládùúgbò oko wa kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jìnnà. Ó dìde, ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni tó ti dé ọ̀hún jà mọ́ lórí ilẹ̀, kí ó mú ibi tó bá wù ú. Àná ọjọ́ náà pàápàá, òun fúnra rẹ̀ ló ti lọ gbin pèrègún sí ibi tí ọkọ mi sọ.

Wọn kò hú irun náà. Àgbà Ilé ní ohun tí ilẹ̀ bá ti gbà, a kì í gbà á padà. Àpíà mi a máa lọ dúró níbẹ̀ nígbà mìíràn, ọwọ́ lẹ́yìn, a máa wo ibi kékeré náà. N kò bi í ní ohun tó ń rò.

Ọdún tó kọjá ni àárẹ̀ mú un. Àwọn ọmọ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì gbé e padà wálé nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n tún lè ṣe. Ọ̀sán kan, èmi àti òun nìkan la wà nínú yàrá. Mo ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀. Ó la ojú, ó dá mi mọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń tutù, mo wá mọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ ní àgọ́ náà.

“Ìyá Wọn,” ó ní, “bí mo bá lọ lọ́tẹ̀ yìí, má pè mí.”

Mo ní n kò ní pè é.

Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ irun rẹ̀. Gbogbo wọn ń ké orúkọ náà lẹ́bàá kòtò, àwọn ọmọ, Eyínfúnjowó tí eyín rẹ̀ ti ká tán, gbogbo ilé. Èmi nìkan ni mo pa ẹnu mi dé. Ó wà lẹ́nu mi títí di àárọ̀ yìí tí mo ń kọ èyí, gbogbo rẹ̀, àti ti bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú mi sì máa ń lọ sí orí òkúta yẹn bí ọkọ̀ bá dúró ní oríta.